Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí wọn ò gbọdọ̀ yà sí: ikú kólẹ̀kódọ̀tí méjì ní Memphis, 1968

Òjò ló bẹ̀rẹ̀ gbogbo ẹ̀. Ọjọ́bọ̀ ni, ọjọ́ kìíní oṣù kejì ọdún 1968, ní ìlú Memphis, ìpínlẹ̀ Tennessee. Àwọn kólẹ̀kódọ̀tí kan ti fẹ́ parí iṣẹ́ ọjọ́ yẹn, ọkọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, ó ku kí wọ́n gbé e lọ ààtàn, òjò wá dé, ó ń rọ̀ kíkankíkan. Iwájú ọkọ̀ ò lè gba gbogbo wọn. Àwọn méjì há ara wọn mọ́ ẹ̀gbẹ́ awakọ̀, àwọn méjì tó kù, Echol Cole àti Robert Walker, bá kó sí ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí pàǹtí wà gan-an, torí ibẹ̀ nìkan ni òjò ò ti ní pa wọ́n.

Ọkọ̀ yẹn ní ẹ̀rọ kan lẹ́yìn tó máa ń ti ìdọ̀tí wọlé tó sì máa ń fún un pọ̀ kó lè gba púpọ̀ sí i. Wọ́n ní wáyà ló kan ara wọn, ẹ̀rọ bá tan fúnra ẹ̀. Awakọ̀ gbọ́ ìró ẹ̀, ó dá ọkọ̀ dúró, ó tẹ bọ́tìnnì tó yẹ kó pa á, kò kú, ó sáré bọ́ sílẹ̀ ó tún ń tẹ̀ ẹ́, ẹ̀rọ ò dá a lóhùn. Obìnrin kan tó ń wò wọ́n láti inú ilé ẹ̀ sọ pé ọ̀kan nínú wọn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ já bọ́ kí ẹ̀rọ yẹn tó fà á padà, ó ní ńṣe ló dà bíi pé nǹkan ńlá náà gbé e mì. Kò sí èyí tó tíì pé ogójì ọdún nínú àwọn méjèèjì.

Ohun tó máa ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ yìí ni pé inú àdúgbò ni wọ́n wà. Ilé ló yí wọn ká, ilé tó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, tó ní gáréèjì, ibi téèyàn lè yà sí ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí òjò fi dá. Ṣùgbọ́n àdúgbò àwọn òyìnbó ni, àwọn onílé sì ti fẹjọ́ sun ìjọba ìlú tẹ́lẹ̀ pé àwọn ò fẹ́ máa rí àwọn kólẹ̀kódọ̀tí dúdú kí wọ́n máa jókòó sinmi ládùúgbò àwọn, ìjọba sì ti kìlọ̀ fún wọn. Tí òjò bá dé, inú ọkọ̀ ni kí wọ́n wọ̀. Gbogbo ẹni tó ń ṣiṣẹ́ yẹn ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá bi mí pé kí ló pa Cole àti Walker, mi ò ní dárúkọ wáyà ṣáájú.

Ọkọ̀ náà ti gbó, láti 1957 ni. Àwọn òṣìṣẹ́ ti ń sọ ọ́ léraléra pé irú ọkọ̀ yìí máa pààyàn, kí wọ́n gbé e kúrò lójú títì. Ẹni tó jẹ́ alábòójútó iṣẹ́ ìlú nígbà tí wọ́n ra àwọn ọkọ̀ yẹn ni Henry Loeb, Loeb yìí náà ló sì ṣẹ̀ṣẹ̀ padà wọlé gẹ́gẹ́ bíi méyọ̀ ìlú ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1968, kò tíì ju oṣù kan lọ lórí àga nígbà tí ẹ̀rọ pa àwọn èèyàn yìí.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n fún àwọn ìyàwó tó kù. Òṣìṣẹ́ oníwákàtí lọkọ wọn, òfin owó gbà-má-bìínú fún ẹni tó kú sẹ́nu iṣẹ́ ò kàn wọ́n, wọn ò sì ní mádàámidófò kankan, níbo ni wọ́n ti máa rówó san án? Owó iṣẹ́ oṣù kan ni ìlú kó fún ẹbí kọ̀ọ̀kan, wọ́n fi $500 kún un fún ìsìnkú. Ó parí. Ìyàwó Walker lóyún nígbà yẹn.

Kí n sọ díẹ̀ nípa iṣẹ́ yẹn fúnra ẹ̀, torí ẹni tí ò bá mọ bó ṣe rí ò ní mọ ìdí tí ọkùnrin tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan ṣe máa dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Àwọn onílé ò gbé ìdọ̀tí wá síta fún wọn. Kólẹ̀kódọ̀tí ló máa wọ ẹ̀yìnkùlé lọ, á da ìdọ̀tí sínú báàfù ńlá kan, á gbé e karí tàbí kó gbé e léjìká, á rù ú jáde. Báàfù yẹn á ti lu, omi ìdọ̀tí á máa ro sí wọn lọ́rùn, ìdin á máa bọ́ sí wọn nínú aṣọ, tí wọ́n bá délé, ẹnu ọ̀nà ni wọ́n ti máa ń bọ́ aṣọ kí wọ́n tó wọlé bá ọmọ. Kò sí aṣọ iṣẹ́, kò sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, kò sí ibi tí wọ́n ti lè wẹ̀. Tí iṣẹ́ bá gùn kọjá àkókò, wọn ò ní san owó lé e. Gbogbo ẹ̀, kò tó $2 ní wákàtí. Lọ́jọ́ tí Cole àti Walker kú gan-an ni owó tó kéré jù tí ìjọba àpapọ̀ ní kí wọ́n máa san fún òṣìṣẹ́ gòkè sí $1.60, tiwọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju ìyẹn lọ. Nínú 10 wọn, ó tó 4 tó tòṣì débi pé wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí owó ìrànwọ́ tí ìjọba ń fún àwọn aláìní, bẹ́ẹ̀ ojoojúmọ́ ni wọ́n ń jí lọ síbi iṣẹ́ o.

Òjò tún ti dá wàhálà mìíràn sílẹ̀ ní ọjọ́ díẹ̀ ṣáájú. Ní ìparí oṣù kìíní, àwọn òṣìṣẹ́ gọ́tà dúdú tó lé ní ogún dé ibi iṣẹ́, òjò ń rọ̀, wọ́n ní kí wọ́n máa lọ sílé, wọ́n san owó wákàtí méjì péré fún wọn. Àwọn ọ̀gá òyìnbó dúró, òjò dá láìpẹ́, wọ́n gbowó ọjọ́ kan gbáko. Òjò kan náà ló pa gbogbo wọn.

Ọkùnrin tó ń gbìyànjú láti kó wọn jọ ni T.O. Jones. Kólẹ̀kódọ̀tí lòun náà tẹ́lẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dá ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ sílẹ̀, ìlú bá lé òun àtàwọn mìíràn dànù ní 1963, àwọn 33 ni wọ́n lé. Kò ṣíwọ́. Ó lọ ń ti ilé kan dé ilé kan, ó gba ìwé lọ́wọ́ ẹgbẹ́ àpapọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba tí wọ́n ń pè ní AFSCME, nọ́ńbà ẹgbẹ́ wọn di 1733, 33 yẹn sì ń rán wọn létí àwọn tí wọ́n lé. Ní 1966 wọ́n fẹ́ yanṣẹ́lódì, ìlú sáré gba ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ pé wọn ò gbọdọ̀, ó fọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́. Ọdún méjì ló tún fi dúró.

Ní alẹ́ ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì 1968 wọ́n pàdé, Jones lọ bá àwọn aláṣẹ, kò rí nǹkan gidi mú bọ̀. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, Monday, nǹkan bíi 1,300 òṣìṣẹ́ ò lọ síbi iṣẹ́. Kò sí ẹni tó kọ̀wé àṣẹ, àwọn ọ̀gá ẹgbẹ́ àpapọ̀ ní Washington ò tiẹ̀ mọ̀ ṣáájú, nígbà tí wọ́n gbọ́, inú wọn ò dùn, torí ẹni tó bá fẹ́ kí ìdọ̀tí fìyà jẹ ìlú kì í bẹ̀rẹ̀ nígbà òtútù tí nǹkan kì í tètè rùn. Ṣùgbọ́n àwọn èèyàn yìí ò jókòó ṣírò ìgbà. Ó ti sú wọn ni.

Ohun tí wọ́n béèrè ò pọ̀: kí owó gòkè, kí wọ́n máa sanwó àṣekún, kí ọkọ̀ má máa pa wọ́n, kí ìlú gbà pé ẹgbẹ́ wọn wà, kí wọ́n sì máa yọ owó ẹgbẹ́ lára owó iṣẹ́ wọn. Ẹ fojú sí èyí tó gbẹ̀yìn yìí dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo nǹkan ti há. Tí ìlú ò bá yọ owó ẹgbẹ́ fúnra ẹ̀, a jẹ́ pé Jones á máa tọ ẹnìkọ̀ọ̀kan lọ láti gbowó lọ́wọ́, ọ̀gá á máa wò ó, ẹni tó bá san á mọ̀ pé ojú ti rí òun, láàárín ọdún kan ẹgbẹ́ á kú. Tí ìlú bá gbà láti máa yọ ọ́, ẹgbẹ́ á dúró, lọ́la tí ọkọ̀ bá tún bàjẹ́, ẹnì kan wà tó lè jókòó níwájú méyọ̀ kó ní ẹ ò gbọdọ̀ gbé ìyẹn jáde. Kò ná ìlú ní kọ́bọ̀ kan. Owó àwọn òṣìṣẹ́ fúnra wọn ni.

Loeb fàáké kọ́rí. Lọ́jọ́ kejì ìyanṣẹ́lódì, ó jáde wá bá wọn nínú gbọ̀ngàn ńlá kan, ó sọ fún wọn pé ibí kì í ṣe New York, pé ẹnikẹ́ni ò lè rú òfin níbí, kí wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Ìdí tó fi dárúkọ New York ni pé àwọn kólẹ̀kódọ̀tí ibẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìyanṣẹ́lódì tiwọn ní ọjọ́ kẹwàá oṣù yẹn gan-an. Ó ní òun lè gbọ́ ẹ̀dùn ọkàn wọn bíi baba, ilẹ̀kùn òun ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé kankan kọ́, òun ò ní fọwọ́ sí i. Mo ti rò ó títí. Mi ò rò pé owó ló ń dùn ún. Téèyàn bá bá ọ tọwọ́ bọ̀wé, ó ti gbà pé ẹ jọ jẹ́ ẹni tó lè jókòó sídìí tábìlì kan náà. Ìyẹn gan-an ni kò lè gbà. Ó bá gba àwọn òṣìṣẹ́ tuntun, ó ní kí ọlọ́pàá máa tẹ̀ lé ọkọ̀ ìdọ̀tí kiri ìlú.

Ìgbìmọ̀ ìlú, àwọn kánsílọ̀, èèyàn 13 ni wọ́n, mẹ́ta péré ló jẹ́ aláwọ̀ dúdú. Fred Davis tó jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta yìí ló ń darí ìgbìmọ̀ kékeré tó ń rí sí iṣẹ́ ìlú, ní ọjọ́ 22 oṣù kejì àwọn òṣìṣẹ́ rọ́ kún ibi tí wọ́n ti ń ṣèpàdé, wọ́n ní àwọn ò ní kúrò, àwọn obìnrin gé búrẹ́dì, wọ́n fi ẹran sí i, wọ́n jẹun níbẹ̀, wọ́n kọrin. Ìgbìmọ̀ kékeré yẹn bá gbà pé àwọn máa dábàá kí ìlú gba ẹgbẹ́ náà. Inú wọn dùn lọ sílé. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìgbìmọ̀ ńlá ti yí i padà, wọ́n ka ìwé kan tó fi gbogbo ẹ̀ sọ́wọ́ méyọ̀, wọ́n tú ká láìgbọ́ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni. Wọ́n pa makirofóònù.

Bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe ń wọ́de lọ lójú títì Main Street lẹ́yìn ìyẹn, mọ́tò ọlọ́pàá gun obìnrin kan lẹ́sẹ̀, àwọn ọkùnrin bẹ̀rẹ̀ sí í mi mọ́tò náà, ọlọ́pàá bá jáde pẹ̀lú kóńdó, wọ́n ń fín èròjà kan tí wọ́n ń pè ní Mace sí àwọn èèyàn lójú, ó ń ta bí ata. Wọn ò yan ẹni tí wọ́n fín in sí. Àwọn pásítọ̀ wà níbẹ̀. Reverend H. Ralph Jackson, àgbà nínú ìjọ AME, ìjọ Mẹ́tọ́díìsì ti àwọn aláwọ̀ dúdú, ẹni tí kò fi bẹ́ẹ̀ sún mọ́ ọ̀rọ̀ àwọn kólẹ̀kódọ̀tí tẹ́lẹ̀, wọ́n fín in sí i lójú. Láti ọjọ́ yẹn ló ti di tiwọn pátápátá. Lọ́jọ́ kejì, àwọn pásítọ̀ dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀, wọ́n pè é ní COME, James Lawson ni olórí, wọ́n ní kí gbogbo aláwọ̀ dúdú má ra nǹkan mọ́ ní àwọn ṣọ́ọ̀bù àárín ìlú, kí wọ́n má ra ìwé ìròyìn méjèèjì tó wà ní Memphis. Ìyanṣẹ́lódì òṣìṣẹ́ ti di ọ̀rọ̀ gbogbo ìlú.

Lawson sọ nǹkan kan lákòókò yẹn, ó ní ìdí ẹ̀tanú àwọ̀ gan-an ni pé kí wọ́n máa wo ọkùnrin kí wọ́n ní kì í ṣe ọkùnrin. Láti ibẹ̀ ni a ti máa lóye pátákó tí gbogbo ayé mọ̀ wọ́n mọ́: I AM A MAN. Inú ṣọ́ọ̀ṣì Clayborn Temple ni wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ mẹ́rin péré. Mo ti gbìyànjú láti túmọ̀ ẹ̀ sí Yorùbá, kò rọrùn. “Ọkùnrin ni mí” máa ń dún lẹ́nu wa bíi ẹni tó ń fọ́nnu pé òun ò bẹ̀rù. “Èèyàn ni mí” sún mọ́ ọn, ṣùgbọ́n ó ku nǹkan kan. Ẹ rántí pé “boy” ni àwọn òyìnbó ibẹ̀ máa ń pè wọ́n, bọ́ì, bí wọ́n ṣe ń pe ọmọ ọ̀dọ̀. Kí àgbàlagbà ẹni 55 ọdún tó ti ní ọmọ ọmọ dúró, kí ọmọ ogún ọdún máa pè é ní bọ́ì, kó sì dáhùn “yes sir”. Ẹ̀yin tí wọ́n kọ́ láti máa dọ̀bálẹ̀ tàbí kúnlẹ̀ kí àgbà, tẹ́ ẹ mọ̀ pé “ẹ” kan ṣoṣo tẹ́ ò sọ lè dìjà, ẹ lè mọ bí ìyẹn ṣe máa rí nínú ọkàn. Tó bá jẹ́ èmi ni mo fẹ́ kọ ọ́ sórí pátákó fún wọn, màá kọ: Àgbàlagbà ni mí, èmi kì í ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ yín.

Lawson ló pe Martin Luther King. King dé ní ọjọ́ 18 oṣù kẹta, ó bá èrò rẹpẹtẹ sọ̀rọ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì Mason Temple, ó ní ẹ̀ṣẹ̀ ni kí èèyàn máa gbé ní orílẹ̀-èdè olówó báyìí kó máa gba owó ebi. Ó ní kí gbogbo aláwọ̀ dúdú ìlú yẹn dáṣẹ́ dúró lọ́jọ́ kan, òun máa padà wá síwájú ìwọ́de. Ọjọ́ 22 ni wọ́n dá, yìnyín bá bo ìlú mọ́lẹ̀, ó nípọn tó ínǹṣì 16, kò sẹ́ni tó lè jáde. Wọ́n sún un sí ọjọ́ 28.

Ọjọ́ 28 yẹn bàjẹ́. King dé pẹ́, èrò ti ń bínú, kò pẹ́ tí wọ́n gbéra ni àwọn ọ̀dọ́ kan lẹ́yìn yọ igi tí wọ́n kan mọ́ pátákó, wọ́n fi ń fọ́ gíláàsì ṣọ́ọ̀bù, ọlọ́pàá bá gbà á bẹ́ẹ̀, tajútajú, kóńdó, ìbọn. Wọ́n lé àwọn èèyàn wọ inú Clayborn Temple, wọ́n yin tajútajú tẹ̀ lé wọn. Ọlọ́pàá yìnbọn pa Larry Payne, ọmọ ọdún 16. Ìjọba kó nǹkan bíi 4,000 sójà wọ ìlú, wọ́n pa á láṣẹ kónílé-ó-gbélé.

Lọ́jọ́ kejì, àwọn kólẹ̀kódọ̀tí tún jáde. Èyí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ rántí. Wọ́n ti yìnbọn pa ọmọdé lánàá, sójà tò sí ẹ̀gbẹ́ títì, ìbọn wọn ní ọ̀bẹ lẹ́nu, ọkọ̀ ogun wà lójú títì, wọ́n kọ́ pátákó sọ́rùn, wọ́n tò lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n ń rìn lọ. Wọn ò jà, wọn ò sá. Àwòrán yẹn ṣì wà, ẹ lè wò ó. Aṣọ tó dáa ni ọ̀pọ̀ wọn wọ̀, wọ́n dé fìlà.

Ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ ní oṣù kẹrin. King padà wá torí kò fẹ́ kí ìwọ́de tó dàrú yẹn jẹ́ ìgbẹ̀yìn, ní alẹ́ ọjọ́ kẹta òjò ńlá tún ń rọ̀, àrá ń sán, ó sọ ọ̀rọ̀ tó sọ kẹ́yìn láyé ní Mason Temple. Ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹrin oṣù kẹrin, ní ago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ kọjá ìṣẹ́jú kan, wọ́n yìnbọn fún un níbi tó dúró sí níwájú yàrá 306 ní Lorraine Motel, ó kú ní ọsibítù kó tó pé wákàtí kan àbọ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn mọ ìyẹn, wọn ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ àwọn kólẹ̀kódọ̀tí ló gbé e débẹ̀. Ìlú káàkiri Amẹ́ríkà gbiná. Ọjọ́ kẹjọ, kí wọ́n tó sin ín, ìyàwó ẹ̀ Coretta wá síwájú ìwọ́de ní Memphis, ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ogójì èèyàn, wọn ò kọrin, wọn ò pariwo, wọ́n kàn ń rìn.

Ààrẹ Johnson ti rán James Reynolds, igbákejì mínísítà ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé kó lọ bá wọn parí ẹ̀. Pẹ̀lú gbogbo ẹ̀ náà, ó tó ọjọ́ 12 lẹ́yìn ikú King kí wọ́n tó fẹnu kò, ní ọjọ́ 16 oṣù kẹrin, ìyanṣẹ́lódì ti pé ọjọ́ 65. Ẹ gbọ́ iye tí wọ́n fi kún owó wọn: sẹ́ńtì 10 ní wákàtí láti oṣù karùn-ún, sẹ́ńtì 5 sí i ní oṣù kẹsàn-án. Ìlú ní àwọn ò rówó àkọ́kọ́ yẹn san, oníṣòwò kan ní Memphis, Abe Plough, ló fi nǹkan bíi $60,000 sílẹ̀ láìdárúkọ ara ẹ̀. Ní ti owó ẹgbẹ́ tí Loeb ní òun ò ní yọ láéláé, wọ́n gba ẹ̀yìnkùlé yọ ọ́: ìlú á yọ owó fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn òṣìṣẹ́, alájẹṣẹ́kù á gbé e fún ẹgbẹ́. Ìgbìmọ̀ ìlú dìbò gbà á. Nínú Clayborn Temple, wọ́n ka àdéhùn náà fún àwọn òṣìṣẹ́, wọ́n ní kí ẹni tó bá gbà dìde, gbogbo ilé dìde. Jones ń sunkún.

Sẹ́ńtì 15 àti ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé. Kò sí nǹkan kan nínú ẹ̀ tí wọn ò lè ṣe ní ọjọ́ kejìlá oṣù kejì, kí Payne tó kú, kí King tó kú, mo sì máa ń bínú tí mo bá kà á pé wọ́n “ṣẹ́gun”, wọ́n ṣẹ́gun lóòótọ́, àmọ́ owó tí wọ́n san le ju ohun tí wọ́n rà lọ.

Nǹkan kan ṣì wà tó kù. Lẹ́yìn 1968, àwọn òṣìṣẹ́ yìí yan Social Security ti ìjọba àpapọ̀ dípò owó ìfẹ̀yìntì ti ìlú, nígbà tí wọ́n dàgbà, owó yẹn ò tó gbọ́ bùkátà, ọ̀pọ̀ wọn ò lè fẹ̀yìn tì. Ní 2017 ni ìlú Memphis tó kéde pé àwọn máa fún ìwọ̀nba àwọn tó kù láyé ní $50,000 ẹnìkọ̀ọ̀kan, wọ́n padà sọ ọ́ di $70,000. Elmore Nickleberry wà lára wọn. Sójà ni nígbà èwe ẹ̀, nígbà tó kúrò níṣẹ́ ológun ló bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kólẹ̀kódọ̀tí ní nǹkan bíi 1954, ó gbé báàfù, ó yanṣẹ́lódì, ó rìn kọjá níwájú àwọn sójà. Lẹ́yìn nǹkan bíi ọgọ́ta ọdún ó ṣì wà lẹ́nu ẹ̀, ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún nígbà náà, ó ṣì ń wa ọkọ̀ ìdọ̀tí lálẹ́, ní àárín ìlú Memphis.